Nígbà tí gíríìdì bá dẹnu kọlẹ̀, kí ló já gan-an?

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ohun kan ṣẹlẹ̀ sí iná tó ń wọ ilé wa ní Ìbàdàn tí ọ̀pọ̀ wa ò fura sí. Fún wákàtí mẹ́rin, láti nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí, iná Nàìjíríà àti iná tó ń tàn ní Ghana, ní Côte d'Ivoire, títí lọ dé Senegal, di ọ̀kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ káràkátà kọ́ nìyẹn o. Ó ti pẹ́ tí Nàìjíríà ti ń ta iná fún Benin, Togo àti Niger. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn ẹ̀rọ tó ń pèsè iná láti Kainji títí dé etí òkun Dakar jọ ń gbẹ́sẹ̀ pọ̀, bí ẹni tí wọ́n fi okùn kan ṣoṣo so ẹsẹ̀ wọn. Lọ́dún 2007 tí wọ́n ti gbìyànjú irú ẹ̀ rí, ìṣẹ́jú méje péré ló fi dúró kó tó já.

Àbúrò mi kan ka ìròyìn náà, ó pè mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, gíríìdì tiwa tó ń ṣubú lójoojúmọ́, kí la tún fẹ́ lọ so ó mọ́ ti ẹlòmíì fún?"

Ìbéèrè gidi ni. Kí n tó dá a lóhùn, mo ní láti kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí gíríìdì jẹ́ fún un, nítorí ọ̀pọ̀ wa rò pé bíi táǹkì omi ló rí: bí omi bá pọ̀ nínú ẹ̀, gbogbo wa á rí bù, bí ò bá pọ̀, á gbẹ. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Àdéhùn ni gíríìdì, àdéhùn láàrin àwọn ẹ̀rọ tó ń yí láti pèsè iná, tí wáyà ńlá so pọ̀, àdéhùn yẹn ló sì máa ń já.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti àgbàlá ilé. Ládùúgbò tí mò ń gbé ní Àpẹ́tẹ́, bí wọ́n bá ti mú iná lọ lálẹ́, jẹnẹrétọ̀ kékeré méjì ló máa ń kọ́kọ́ dáhùn, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún ilé wa, ọ̀kan lẹ́yìn ògiri. Ẹ fara balẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ méjèèjì pọ̀. Ariwo wọn ò dúró lójú kan: á wú, á rọlẹ̀, á tún wú, wùù-ùn, wùù-ùn, bí ẹni tó ń mí lójú oorun. Kò sí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ tó ń jù ú sílẹ̀. Eré tí ọ̀kan ń sá ló fi díẹ̀ ju ti èkejì lọ. Nígbà tí wọ́n bá jọ bọ́ sí ẹsẹ̀ kan náà, ohùn wọn á pa pọ̀, á di ńlá. Kò ní pẹ́ tí èyí tó yá lẹ́sẹ̀ á ti ṣíwájú, wọ́n á máa ta ko ara wọn, ohùn á rọ. Títí ilẹ̀ á fi mọ́, wọn ò ní bára wọn mu. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dá epo tiẹ̀ mu ni, kò sí ohunkóhun tó so wọ́n pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ.

Ọkùnrin ará Netherlands kan, Christiaan Huygens, ló kọ́kọ́ rí òdìkejì èyí tó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Oṣù Kejì ọdún 1665 ni, àìsàn dá a dúbúlẹ̀ sílé, aago méjì tí wọ́n ṣe fún àwọn awakọ̀ ojú òkun sì wà níwájú ẹ̀, tí wọ́n fi kọ́ sára igi kan náà. Ó ṣàkíyèsí pé irin tó ń fì nínú aago méjèèjì ń bára wọn mu láìyẹ̀: bí tibí bá lọ sọ́tùn-ún, tọ̀hún á lọ sósì. Ó mọ̀ọ́mọ̀ da ọ̀kan rú. Kó tó pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n ti padà síbi tí wọ́n wà. Ó gbé wọn jìnnà síra, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara wọn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló kọ́kọ́ fura sí. Ìgbà tó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa ló rí i pé igi ni. Bí irin kan bá ti fì, á ta igi náà pẹ́nrẹ́n, ìtanijí tí ojú lásán ò lè rí, igi á sì gbé e dé ọ̀dọ̀ èkejì.

Igi yẹn ni àwọn jẹnẹrétọ̀ Àpẹ́tẹ́ ò ní.

Ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún lẹ́yìn Huygens kí wọ́n tó rí ìṣirò tó rọrùn fún ọ̀rọ̀ náà nígbà tí nǹkan tó ń fì bá pọ̀ lọ bí rẹrẹ. Arthur Winfree ní Amẹ́ríkà ló la ọ̀nà ẹ̀ lọ́dún 1967, Yoshiki Kuramoto ará Japan sì tún un ṣe lọ́dún 1975, ìṣirò tiẹ̀ ni gbogbo ayé ṣì ń lò títí dòní. Ohun tó ń sọ ò le. Oníkálukú ní eré tí ara ẹ̀ fẹ́ràn láti máa sá, eré wọn ò sì dọ́gba. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ń fà wọ́n síra. Bí ìfà náà bá kéré ju ìyàtọ̀ tó wà láàrin eré wọn lọ, kò ní sí ìyípadà kankan, bí ẹ tiẹ̀ ń fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó níbi tó máa dé, ibì kan pàtó, tí àwọn díẹ̀ á déédéé dì mọ́ra wọn. Agbára àwọn wọ̀nyẹn á wá fa àwọn tó kù wọlé. Bákan náà ló rí bí ìfà bá ń dín kù: nǹkan á máa dúró dáadáa, dáadáa, títí tó fi máa dé ibì kan tí gbogbo ẹ̀ á tú ká lójijì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ibi yìí, nítorí ibẹ̀ ni àìsàn gíríìdì wa wà.

A mọ ọ̀rọ̀ yìí lára wa kó tó di ìṣirò. Nílé ìjọsìn, nígbà tí wọ́n bá ní ká pàtẹ́wọ́ fún Ọlọ́run, ẹgbẹ̀rún ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ ní wúruwùru, láìpẹ́ ẹ óò gbọ́ pá, pá, pá, láìsí pé ẹnikẹ́ni ka ení, èjì. Ẹ wo àwọn onílù dùndún náà níbi ìnáwó: ìyáàlù ń sọ̀rọ̀, ó ń kì, ó ń yà bàrá, gúdúgúdú ò sì kúrò lójú kan, etí tí wọ́n fi ń gbọ́ ara wọn ni igi tó so wọ́n pọ̀. Ẹ gbé ọ̀kan nínú wọn sínú mọ́tò tó wà lẹ́yìn pátápátá nígbà tí wọ́n bá ń sin ìyàwó lọ, ẹ óò rí bí ìlù á ṣe fọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá dé orí iná.

Iná tó wà nínú wáyà NEPA kì í ṣàn lọ síwájú bí omi odò. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ lójú kan náà, ìgbà 50 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní 50 Hertz. Mágínẹ́ẹ̀tì ńlá tó ń yí nínú ẹ̀rọ ló ń bí i. Ẹ̀rọ tí gáàsì tàbí ooru omi ń yí sábà máa ń yí ní ìgbà 3,000 láàrin ìṣẹ́jú kan. Àwọn tí omi ń yí, bíi ti Kainji tó ti ń pèsè iná láti ọdún 1968, máa ń yí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n mágínẹ́ẹ̀tì tó wà lára wọn pọ̀, nítorí náà 50 yẹn náà ló ń jáde. Kainji, Jebba, Shiroro, Egbin ní Èkó àti gbogbo àwọn tó kù, wáyà ńlá ló so wọ́n pọ̀. Èyí tó ń bọ̀ sọ́dọ̀ wa ní Ìbàdàn ń gba ibùdó Ayédé wọlé. Wáyà wọ̀nyẹn ni igi Huygens. Bí ẹ̀rọ kan bá fẹ́ ṣíwájú àwọn yòókù, ẹrù tó pọ̀ sí i á bọ́ sí i lórí, á fà á sẹ́yìn. Bó bá fẹ́ rẹ̀yìn, ẹrù ẹ̀ á fúyẹ́, àwọn tó kù á fà á síwájú. Kò sí ọ̀gá tó ń lu agogo fún wọn.

Bí ẹ bá ní ínfátà tó ń kọ nọ́ńbà sójú, ẹ wò ó nígbà tí iná bá wà. Ẹ óò rí ibi tó kọ 50.1 sí, tàbí 49.8. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ti ilé yín nìkan. Òun náà ni ẹni tó wà ní Kánò tàbí Maiduguri ń rí ní àkókò kan náà, bó bá jẹ́ pé orí gíríìdì ló wà. Mi ò mọ ohun mìíràn ní orílẹ̀-èdè yìí tí gbogbo wa jọ ń pín dọ́gbadọ́gba tó bẹ́ẹ̀. Òfin gíríìdì ní kó wà láàrin 49.75 sí 50.25. Bí nǹkan bá le, wọ́n fàyè gbà á dé 48.75 nísàlẹ̀ àti 51.25 lókè.

Kí ló ń gbé nọ́ńbà náà sókè sódò? Àwa ni. Nígbà tí Mọ́kọ́lá bá tan áyọ́ọ̀nù, tí Bódìjà tan ẹ̀rọ tó ń fa omi, yíyí àwọn ẹ̀rọ á wúwo sí i, eré wọn á dín kù pẹ́nrẹ́n. Ohun kan wà lára ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní gọ́fánọ̀. Òun ló máa rí i pé eré ti ń dín kù, tó máa ṣí ọ̀nà gáàsì tàbí omi sí i kí nọ́ńbà lè gòkè padà. Ẹ̀rọ tó bá sì ti ń lo gbogbo agbára ẹ̀ tán, níbo ló ti máa bu kún un? Ọ̀rọ̀ wa dé ibẹ̀ yẹn. Lórí ìwé, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń pèsè iná ní Nàìjíríà lè pèsè bíi 13,000 mẹ́gáwáàtì. Èyí tó ń dé orí wáyà sábà máa ń wà láàrin 4,000 sí 5,000. Ìgbà tó ga jù, ní oṣù Kẹta ọdún 2025, ó lé díẹ̀ ní 5,800. Gáàsì ò dé, gbèsè ti di òkìtì, ẹ̀rọ ti bàjẹ́ sílẹ̀. Gbogbo èyí tó ń yí ló ń yí tagbára-tagbára, kò sí àfipamọ́ tó tó nǹkan.

Ká wá ní ẹ̀rọ ńlá kan já bọ́ lójijì. Ẹrù tó ń gbé ò bá a lọ, orí àwọn tó kù ló bọ́ sí. Nọ́ńbà á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀: 49.5, 49.2, 48.9. Gọ́fánọ̀ á fẹ́ ṣí gáàsì sí i, gáàsì ò sí. Àwọn ẹ̀rọ aṣọ́nà á bẹ̀rẹ̀ sí í gé àdúgbò kọ̀ọ̀kan kúrò kí ẹrù lè fúyẹ́. Bí gígé náà bá pẹ́ jù, tàbí tí ò tó, ẹ̀rọ kejì á rí i pé yíyí tí òun ń yí yìí lè ba òun jẹ́, á yọ ara ẹ̀. Ẹrù tiẹ̀ náà á tún bọ́ sórí àwọn tó kù. Ẹ̀kẹta á yọ. Kò sí èyí tó hùwà burúkú nínú wọn o. Wọ́n ṣe wọ́n kí wọ́n máa dáàbò bo ara wọn ni. Láìpẹ́, nọ́ńbà tí wọ́n ń wò ní ibùdó ìdarí iná gbogbo orílẹ̀-èdè ní Òṣogbo á já sí òdo tàbí nǹkan tó sún mọ́ ọn. Ohun tí ojú wa rí nìyẹn ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ní ọjọ́ 14, ọjọ́ 15 àti ọjọ́ 19, ẹ̀ẹ̀mẹta láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Ní oṣù yẹn kan náà ni àwọn ọ̀daràn ba wáyà ńlá tó lọ láti Shiroro sí Kaduna jẹ́, tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní òkè ọya sì wà nínú òkùnkùn fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀rọ ò yọ níbẹ̀. Igi ló dá.

Bó bá ti ṣubú tán, kí ló dé tí ìgbà míì kì í fi tètè padà? Kóòdù-rúùmù kan, ilé tí wọ́n ti ń mú nǹkan dì, ní Olúyọ̀lé ni mo ti rí ìdáhùn tó yé mi jù. Jẹnẹrétọ̀ dísẹ̀ẹ̀lì ńlá méjì ni wọ́n fẹ́ so pọ̀ kí wọ́n jọ gbé ẹrù kan. Bàbá tó ń ṣe iṣẹ́ náà kò lo ohun ìgbàlódé kankan. Gílóòbù mẹ́ta ló so sáàrin ẹ̀rọ méjèèjì, níbi tí súwíìṣì wọn ti máa pàdé. Wọ́n ta ẹ̀rọ méjèèjì. Ariwo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó ń rọ, bíi ti Àpẹ́tẹ́ gẹ́lẹ́, gílóòbù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń tàn, wọ́n ń kú, wọ́n ń tàn, wọ́n ń kú. Bàbá rọra ń yí eré ẹ̀rọ kejì, wíwú-rírọ yẹn sì ń falẹ̀ sí i. Ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ ti gbọ́wọ́ lé súwíìṣì.

"Má tíì tì í," bàbá ní. "Jẹ́ kó kú tán. Ó ti ń kú... ó ń kú... ó di ọwọ́ ẹ!"

Ọmọ náà tì í nígbà tí gílóòbù ṣókùnkùn pátápátá. Wùù-ùn yẹn dá wáí. Ẹ̀rọ méjì ló ń dún, ohùn kan là ń gbọ́. Ara mi bù máṣọ. Bàbá wá sọ fún mi pé bí ẹnikẹ́ni bá tì í nígbà tí gílóòbù bá ń tàn yòò, àwọn méjèèjì á fa ara wọn ya ni, pé òun ti rí ibi tí irin tó nípọn bí ọwọ́ ti ṣẹ́ bí igi ìṣáná nítorí pé ẹnì kan kánjú.

Ohun tí wọ́n ní láti ṣe fún gbogbo Nàìjíríà nìyẹn nígbàkígbà tí gíríìdì bá ṣubú. Wọ́n á kọ́kọ́ jí ẹ̀rọ tó lè dá jí láìsí iná níta, àwọn tí omi ń yí ló sì sábà máa ń rọrùn jù. Wọ́n á gbé ẹrù díẹ̀ lé e, wọ́n á mú èkejì wá, wọ́n á dúró kí ẹsẹ̀ wọn bára mu, wọ́n á tì í. Ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan. Bí wọ́n bá kánjú, á tún wó.

Ara wa náà ń gbé lórí ohun kan náà yìí. Lápá òkè ọkàn, lọ́wọ́ ọ̀tún, nǹkan bí 10,000 sẹ́ẹ̀lì ló jókòó síbẹ̀ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n máa lu ìlù ọkàn. Kò sí èyí tó jẹ́ olórí wọn. Wọ́n ń fa ara wọn títí ohùn wọn fi di ọ̀kan, ọkàn á sì lù. Nígbà tí àdéhùn bá já láàrin àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde, ọkàn á kàn máa gbọ̀n láìlè tu ẹ̀jẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló sì kù fún ẹni náà, àfi bí wọ́n bá rí ẹ̀rọ tó ń fi iná ta ọkàn kí gbogbo ẹ̀ lè jọ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú ọpọlọ, òdìkejì ẹ̀ ló ń ṣeni léṣe. Ní wárápá, sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó yẹ kí oníkálukú wọn máa ṣe tiẹ̀ ló máa ń panu pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ṣì ń sá fún alárùn wárápá mọ èyí: ìlù tó pa pọ̀ jù ni, kì í ranni, ó sì gba ìtọ́jú.

Lára igi etí omi ní Thailand, tanátaná lọ́pọ̀lọpọ̀ máa ń jọ tàn, wọ́n á jọ kú, bí ẹni tí wọ́n tẹ súwíìṣì fún. Àwọn tí àwa ń lé kiri ní kékeré, oníkálukú ló ń tan tiẹ̀.

Ó yá, ìbéèrè àbúrò mi. Ṣé ó dáa ká so gíríìdì tó ń ṣàìsàn mọ́ ti àwọn aládùúgbò? Àǹfààní ẹ̀ hàn gbangba: bí agbo bá ti tóbi, tí ẹ̀rọ kan bá já bọ́, ẹrù ẹ̀ á pín sórí ọ̀pọ̀, nọ́ńbà ò ní tètè jábọ́. Ewu ẹ̀ náà ò fara sin. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò burúkú tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru ẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹ wo Europe. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 2025, iná Spain àti Portugal kú pátápátá lọ́sàn-án gangan. Wáyà tó so wọ́n mọ́ France já ara ẹ̀ gbà nígbà tí ẹsẹ̀ wọn ò bára mu mọ́, ìyẹn ni àìsàn náà ò fi ràn dé Paris. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, iná láti France àti Morocco wà lára ohun tí wọ́n fi jí Spain padà. Okùn tó so wọ́n pọ̀ ló gbà wọ́n, jíjá tó já lásìkò náà ló sì gba àwọn aládùúgbò wọn.

Nítorí náà, mi ò sí lẹ́yìn àwọn tó ní ká fọ́ gíríìdì, kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa dá tiẹ̀ ṣe. Òfin iná mọ̀nàmọ́ná ọdún 2023 ti fàyè gba àwọn ìpínlẹ̀ láti máa bójú tó ọjà iná tiwọn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì wà lára àwọn tó ti gba àṣẹ náà. Ó dáa. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n fi ṣe ni pé kí Ìbàdàn ní ẹ̀rọ tiẹ̀ tó lè gbé ilé ìwòsàn àti omi ẹ̀rọ ró nígbà tí gíríìdì bá já, kó sì tún lè dúró kí ẹsẹ̀ bára mu kó tó padà wọlé. Ìyẹn gba owó, ó gba àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kọ́ dáadáa, ó sì gba kí àwọn tó ń pèsè iná gbà láti máa fi díẹ̀ pa mọ́ lára agbára wọn, kí wọ́n sì rí owó gbà lórí èyí tí wọ́n fi pa mọ́. Láìsí àfipamọ́, a kàn ń gbé àìsàn wa lọ bá àwọn ará Ghana ni.

Wákàtí mẹ́rin oṣù Kọkànlá yẹn, ìdánwò lásán ni. Kí ó tó di pé a wà pọ̀ títí, àwọn ìdánwò tó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ ló kù. Lálẹ́ àná, nígbà tí iná dé ní Àpẹ́tẹ́, tí àwọn ọmọdé pariwo "Up NEPA!", mo lọ síwájú ínfátà wa: 49.9, 50.0, 50.1, 49.9. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá tún ti súwíìṣì náà, nọ́ńbà tí mo bá rí níbẹ̀ ni wọn yóò máa rí ní Accra àti Dakar.